Igi Ìtayín Laras àti Karak Ìyá Mi

Ngemplak,
Lẹ́bàá Sukoharjo.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹjọ, 2024.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Tuminah,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun bàálé rẹ, ṣé ó ti fúyẹ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo la ẹnu sílẹ̀, n kò tíì rí i pa dé bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

O mọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń wá kọ́ àwọn ọmọ wa ní sáyẹ́ǹsì lọ́fẹ̀ẹ́ nínú gbọ̀ngàn abúlé lọ́jọ́ Àìkú. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, kò sí ife kan nílé mi tí Laras ọmọ mi kò tíì fi po nǹkan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyáàfin Hesti, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń kó wọn wá, ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú oúnjẹ wá láti ilé. Wọ́n á rún un sómi, wọ́n á wá ki igi ìtayín tí wọ́n ti fi atalẹ̀ pupa kùn bọ̀ ọ́. Bí àwọ̀ ìyeyè ara igi náà bá yí padà di pupa, kẹ́míkà tó ń ba kíndìnrín jẹ́ wà níbẹ̀.

Karak, ìpékeré ìrẹsì tí Ìyá mi ń dín tà, ni Laras fi yangàn lọ. Tuminah, igi náà pọ́n wẹ̀ẹ̀ lójú gbogbo abúlé! Ọmọ náà jù ú nù, ó bú sẹ́kún.

Giyanti aládùúgbò wa kò jẹ́ kó tutù, ó kọjú sí Ìyá mi: "Màmá Kinasih, ṣé ẹ fẹ́ fi karak pa wá ni?"

Ìyá mi ní, "Pa ta ni? Ìwọ tó o jẹ ẹ́ láàárọ̀ yìí, tó o ò tíì nu ẹnu!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Bleng ni, ọ̀rẹ́ mi! Bleng tí àwọn ìyá wa ń pò mọ́ ìrẹsì kí karak lè dún kàrà lẹ́nu, tí gbogbo wa ń pè ní iyọ̀. Ìyáàfin Hesti ní kẹ́míkà náà gan-an ló wà nínú rẹ̀.

Laras ní òun ò lọ síbi ẹ̀kọ́ náà mọ́ láyé, ó sì ń sá fún ìyá àgbà rẹ̀. Mo rò pé ọjà ló ń dun Ìyá mi. Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lánàá, ó gbé karak tuntun tí kò fi bleng sí síwájú ọmọ náà, ó ní kó gbé igi rẹ̀ wá. Laras kọ̀.

Ìyá mi bá ní, "Kíndìnrín ló pa bàbá àgbà rẹ. Karak mi ló ń jẹ láràárọ̀. Bóyá èmi ni o, bóyá èmi kọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lè sọ tòní fún mi."

Bàbá mi, Tuminah! Kò wá sí mi lọ́kàn rí.

Ọmọ náà rún un sómi, ó ki igi bọ̀ ọ́. A dúró, a dúró, kò pọ́n. Ìyá mi gbá Laras mọ́ra, ó sì sun ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú Bàbá.

Bá mi kí bàálé rẹ àti àwọn ọmọ. Mo bẹ̀ ọ́, wo inú ilé ìdáná rẹ bóyá bleng wà níbẹ̀ kó o tó dáná lálẹ́ òní.

Èmi ni tìrẹ tí ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀,
Kinasih.