Má Tíì Fi Àwo Géèmù Yẹn Ránṣẹ́

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láàárọ̀, mo kí ọ lọ́sàn-án, nítorí n kò mọ ìgbà tí ìwé yìí máa tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo gbà pé ara rẹ le bí irin tí ò ń jó pọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì fẹ́ kó wà. Ara tèmi náà yá, àfi ọkàn mi tí kò fìdí mọ́lẹ̀. Láti àná ni mo ti ń dìde, tí mo ń jókòó, bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Lónìí, mo fi áyọ́ọ̀nù jó ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan, èmi tí mo ti ń gba aṣọ fọ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún tí n kò jó bọ́tìnnì kan rí. Ìwọ lo fà á.

Àwo géèmù tí o sọ lánàá pé o ti rí rà, tí awakọ̀ máa gbé wá lọ́jọ́ Ẹtì, mo bẹ̀ ọ́, má tíì fi ránṣẹ́. Ohun tí mo ṣe kọ̀wé nìyẹn. N kò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí apá òsì ara bàbá yín nìkan ló ṣàìsàn, etí wọn kò ṣe nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá kejì sí wa ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín lọ́la, òun ni mo fẹ́ fi ìwé yìí rán.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀, nítorí ìdajì ni mo ti ń sọ fún ọ. O mọ̀ pé láti ìgbà tí àìsàn ti mú bàbá yín lápá òsì, oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọn kò fi jáde kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó wa ọkọ̀ àjàgbé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò fẹ́ kí aráyé rí òun níbi tóun ti ń wọ́ ẹsẹ̀. Géèmù ọkọ̀ àjàgbé tí o fi sílẹ̀ fún wọn nìkan ló ń mú wọn jí. Wọ́n á di páàdì géèmù mú, wọ́n á máa kó sìmẹ́ńtì láti ìlú kan lọ sí òmíràn. Nọ́ọ̀sì yìí kan náà ló sọ pé àtàǹpàkò òsì tí wọ́n fi ń yí ọkọ̀ yẹn, oògùn ni. Ọkọ̀ mẹ́rìnlá ni wọ́n ti ní nínú géèmù yẹn, àwọn tó jẹ́ pé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni wọ́n wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Ìgbà náà lo pè mí, tí o ní, “Màmá, ẹ kó àwọn àwo yẹn tà, wọ́n kàn ń gba àyè ni. Gbogbo géèmù náà ti wà nínú ẹ̀rọ. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti ń fà á wálẹ̀ báyìí, ayé ti kúrò lórí àwo.” Mo tan ẹ̀rọ wò, mo rí àwòrán gbogbo wọn tí wọ́n tò gẹẹrẹ, ti ọkọ̀ àjàgbé náà wà láàárín wọn. Mo ní, ẹni tó ti jẹ ẹ̀pà tán, kí ló tún ń fi èèpo ṣe? Mo kó àwo mọ́kọ̀ọ̀kànlá lọ bá alátùn-únṣe fóònù tí wọ́n ń pè ní Kò-gbà-padà, nítorí ohun tó kọ gàdàgbà sára ògiri rẹ̀ nìyẹn. Áyọ́ọ̀nù tuntun ni mo fi owó rẹ̀ rà. Mo tilẹ̀ ń yangàn kiri ilé pé mo gbọ́n.

Ọgbọ́n yẹn kò sùn mọ́jú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá yín tẹ ọkọ̀ wọn, ẹ̀rọ sì kọ ọ́ síta pé kí a fi àwo sí i. Àṣé mẹ́wàá nínú wọn lo tún fowó rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n inú àwo ni ọ̀kan yìí ti wọnú ẹ̀rọ, bí ẹ̀rọ kò bá sì rí àwo, kò ní ṣí i. Ẹrù wa wà nínú ilé, èmi ni mo ta kọ́kọ́rọ́. N kò lè jẹ́wọ́. Mo ní, “Ẹ̀rọ ló bàjẹ́.” Bàbá yín gbé páàdì kalẹ̀, wọ́n ti ọwọ́ òsì bọ abẹ́ aṣọ ìbora, ọwọ́ náà kò sì jáde mọ́ fún odidi ọjọ́ mẹ́rin. Ògiri ni wọ́n kọjú sí.

O rántí bí mo ṣe pè ọ́ pẹ̀lú ẹkún. O ní kò le, ìwọ máa rà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kíá. Nígbà tó yá, o pè padà, ohùn rẹ ti rẹlẹ̀, o ní àwọn olóhun ti kó o kúrò lórí àtẹ, pé ẹni tó bá ti rà á tẹ́lẹ̀ nìkan ló ní in, olówó tuntun kò lè rí i rà mọ́. Mo fẹ́ fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà, ìwọ tó ní ayé ti kúrò lórí àwo, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rín lẹ́nu mi. O ní ìwọ máa wá àwo rẹ̀ kiri lọ́dọ̀ yín. Ohun tí n kò sọ fún ọ ni pé èmi náà ti wọ bàtà.

Mo lọ bá Kò-gbà-padà. Kí n tó kí i tán ló ti nawọ́ sí ògiri: “Màmá, ẹ kà á.” Mo ní n kò wá dá nǹkan padà, mo wá rà ni. Ó ní ó ti bọ́ sọ́wọ́ onígbàjámọ̀ tó wà níbi ẹ̀rọ omi. Mo gba ibẹ̀ lọ. Onígbàjámọ̀ yìí gbé ẹ̀rọ géèmù sí ṣọ́ọ̀bù fún àwọn tó ń dúró de àga, mo sì rí páálí àwo náà lórí tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú orúkọ rẹ tí o fi bírò pupa kọ nígbà tí o wà nílé ìwé. Mo fi ìlọ́po méjì owó lọ̀ ọ́. Ó ní, “Màmá, ìlọ́po mẹ́ta gan-an n kò gbà. Àwo yìí ló ń dá oníbàárà mi dúró kí wọ́n má sá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.” Mo wo aṣọ tó ń so mọ́ àwọn èèyàn lọ́rùn, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ní, “Màá máa fọ àwọn aṣọ wọ̀nyí fún ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ọkọ mi sì máa wá fi géèmù yìí ṣeré níbí.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ọjà yín le o,” ó sì gbà.

Mo délé, mo sọ fún bàbá yín pé irun orí wọn ti di igbó, onígbàjámọ̀ kò sì ní í wá sílé. Wọ́n kùn, wọ́n kùn, wọ́n dìde. Ilé mẹ́rìnlá ló wà láàárín wa àti ibẹ̀, gbogbo ìloro tó wà lọ́nà ni wọ́n sì sinmi sí. Bí a ṣe dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì. Káfíńtà kan ló ń wa ọkọ̀ náà, ó ń kọ lu ọgbà kiri. Bàbá yín pariwo láti ìta, “Fẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, eré yẹn pọ̀ jù! Ṣé ewúrẹ́ lo kó sẹ́yìn ni?” Káfíńtà ní, “Bàbá, ẹ wá fi hàn wá.” Ọwọ́ òsì jáde nínú àpò. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí géèmù ń fi háyà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, mo sì rò pé ọkọ̀ mẹ́rìnlá wọn tó wà nínú ẹ̀rọ ilé á máa dùn wọ́n. Wọ́n ní, “Ọmọ ọkọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ láyé. Ta ló ń bẹ̀rù ìbẹ̀rẹ̀?”

Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé. Àwọn nìkan ni wọ́n ń dá lọ báyìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan lójú ọ̀nà, àmọ́ ní báyìí, n kì í tíì lọ ṣòkòtò mẹ́ta tán tí wọ́n á ti débẹ̀. Ọ̀gá Awakọ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Àkọ́bí, bí àwo yẹn bá wọ ilé yìí, àga ń bẹ nítòsí, aṣọ ìbora ń bẹ nítòsí, ta ló máa jáde mọ́?

N kò sọ pé èyí tí ò ń fà wálẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò dára. Kì í họ, kì í gba àyè, ẹnìkan kì í jí i. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi àṣìṣe tà, ẹsẹ̀ ni mo fi wá a rí. Ká ní òkè òfuurufú ló wà ni, ṣọ́ọ̀bù ta ni ǹ bá wọ̀? Síbẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo purọ́ nípa ẹ̀rọ, mo tún ń fi ọkọ̀ mẹ́rìnlá pamọ́ fún ẹni tó ni wọ́n. Ta ló sọ mí di olówó ẹsẹ̀ wọn? Bí mo ṣe ń kọ èyí, fáànù ń gbé ìwé, mo ń fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́, mo ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iná iṣẹ́ rẹ jó ọ lójú. Ohun tí o bá rà, wàá lò ó pẹ́. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ rìn dé, ire ni wàá bá níbẹ̀. Àwọn ọmọ tìrẹ náà á ràn ọ́ lọ́wọ́, wọn kò sì ní fi ìmọ̀ràn wọn kó bá ọ bí o ṣe kó bá mi.

Èmi ni ìyá rẹ, alágbàfọ̀ tó ń jó aṣọ oníbàárà nítorí rẹ.

Àfikún: Bàbá yín wọlé bá mi. Wọ́n ní, “Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó fi àwo náà ránṣẹ́.” Ẹnu mi ya. Wọ́n ní ohùn tèmi lórí fóònù lè jí òkú, àti pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ làwọn ti rí orúkọ rẹ lára páálí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, àbí mo rò pé ojú àwọn náà ṣàìsàn ni? Mo ní kí ló dé tí wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, “Kí n lè máa rí ibi lọ ni.” Nítorí náà, fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni kí o kọ sára rẹ̀. Wọ́n ní àwo ibẹ̀ ti họ, ó ti ń há, àti pé ọkọ̀ mẹ́rìnlá tó wà nínú ẹ̀rọ ilé lè dúró, wọn kì í dípẹtà. N kò fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ ìwé mọ́. Àwọn ló ń bá mi dì í mú kí fáànù má gbé e lọ, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì fi dì í.