Àwo Ọ̀ọ́dúnrún ó lé Méjìlá: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Wa, Ẹ-Rọra-Mú-Un

A bí Bàbá wa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 1942, nínú ilé oníyàrá méjì kan tó kọjú sí ilé ìtẹ̀wé. Ọmọ kẹrin ni wọ́n jẹ́ fún bàbá wọn tí ń ṣe kọ́kọ́rọ́, àti ìyá wọn tí ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Láti kékeré ni etí wọn ti ń jẹun ju ẹnu wọn lọ. Ìyá wọn a máa sọ pé bí orin bá ti ń bọ̀ láti ilé kejì, ọmọ náà a pa oúnjẹ tì, a lọ fara ti ògiri bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹ́rìí.

Wọ́n jáde ìwé mẹ́fà ní ọdún 1956, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ilé-ìwé sì parí sí. Ní ọdún 1957, wọ́n sọdá títì lọ sí ilé ìtẹ̀wé, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ atolẹ́tà, ìyẹn ẹni tí ń ṣa lẹ́tà olójé lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di ọ̀rọ̀ tí a lè tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ohun tó bà wá nínú jẹ́ kò ṣẹ̀yìn iṣẹ́ yìí. Nínú àpótí atolẹ́tà, A kì í jókòó ti B. Ibi tí ọwọ́ yóò ti tètè rí lẹ́tà ni wọ́n ń fi lẹ́tà sí. Bàbá a máa sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé, “Ọwọ́ ò mọ orúkọ nǹkan. Ibi tí nǹkan wà ló mọ̀.”

Ọdún 1961 ni wọ́n ra àwo orin àkọ́kọ́. Wọn kò tíì ní bẹ́ẹ̀dì nígbà náà. Orí ẹní ni àwọn fúnra wọn ń sùn, ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù wà lórí tábìlì, wọ́n tún fi aṣọ bò ó kí òtútù má baà mú un. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan àwo kan ni wọ́n ń kígbe mọ́ pé, “Ẹ rọra mú un!” Bí àdúgbò ṣe sọ wọ́n lórúkọ nìyẹn, orúkọ náà sì lé ti inú ìwé ìbí sá.

Ṣọ́ọ̀bù àwo ni wọ́n ti pàdé Ìyá wa, aránṣọ, ní ọdún 1966. Àwo kan ṣoṣo ló kù lórí igbá, àwọn méjèèjì sì nawọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ máa gbé e lọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra mú un.” Ìyá wa wò wọ́n láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé ẹyin adìyẹ ni?” Ní ọdún 1967, wọ́n ṣe ìgbéyàwó, àwo náà sì wọlé Bàbá pẹ̀lú ẹrù ìyàwó.

Láti ìgbà náà lọ, kò sí nǹkan pàtàkì tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí Bàbá kì í ra àwo kan sàmì sí. Wọ́n ra nígbà tí wọ́n kó sílé tuntun, wọ́n ra lọ́jọ́ tí ìyá wọn kú, wọ́n ra nígbà tí Ìyá wa gbádùn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin lórí àìsàn. Wọ́n á gbé e sí ìpẹ̀kun pẹpẹ lápá ọ̀tún, ó parí. Wọn kì í kọ nǹkan kan sára àpò àwo, nítorí ní ojú tiwọn, ẹni tó fi gègé kan àpò àwo ti lù ú ní jìbìtì. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ láti òsì tó ń lọ sí ọ̀tún, gbogbo ayé ilé wa ló ń kọjá yẹn.

A bí àkọ́bí wọn obìnrin ní ọdún 1969, èkejì, ọkùnrin, ní 1972, àbíkẹ́yìn, obìnrin, ní 1976. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní àwo tirẹ̀. Bàbá kì í sọ èyí tó jẹ́ ti ẹni. Ó di ọjọ́ tí ọmọ bá ń ṣe ìgbéyàwó kí wọ́n tó mú un jókòó, kí wọ́n lu àwo náà, kí wọ́n sì ròyìn ọjọ́ tí wọ́n bí i. Èkejì gbọ́ tirẹ̀, àbíkẹ́yìn náà gbọ́ tirẹ̀. Àkọ́bí kò lọ́kọ. Ìlú mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé. Òun kò béèrè, Bàbá náà kò sọ, agídí kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì.

Nínú ìjọ, ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni Bàbá ti sin Ọlọ́run fún ọdún mọ́kànlélógún. Nígbà kan, wọ́n pa ẹ̀rọ mọ́ àlejò oníwàásù kan lẹ́nu nítorí ó ti kọjá àkókò, wọ́n sì ní iná ló lọ. Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n a ṣí fèrèsé méjèèjì sílẹ̀ kí àwọn tí kò ní ẹ̀rọ lè gbọ́. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 1999, nígbà tí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ atolẹ́tà.

Ní ọdún 2014, Ìyá wa papò dà. Bàbá kò ra àwo kankan mọ́. Ó ti pé ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá.

Ní ọdún 2017, àìsàn ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á bá ara wọn ní iwájú ilé, wọn kò ní mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó ti pẹpẹ náà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òsì, ojú wọn á là. Wọ́n á gbé ọ̀kan lu, wọ́n á ní, “Èyí ni ọdún tí òrùlé jò.” Ọwọ́ á bọ́ sí èyí tó tẹ̀lé e, ìtàn ibẹ̀ á sì jáde. Bí ẹ bá fa ọ̀kan yọ láàárín fún wọn, wọn kò ní mọ̀ ọ́n rí. Èyí tó ṣáájú ló ń ránni létí èyí tó kàn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Bàbá pe àkọ́bí lórí fóònù. Wọ́n ní, “Wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Màá gbé tìẹ fún ẹ, màá sọ bó ṣe jẹ́. Mo ti ń gbàgbé nǹkan, mi ò fẹ́ gbàgbé ìyẹn.” Ó ní òun ń bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ló ti dé, kí ó lè tún ilé ṣe, nítorí Bàbá wà ní ilé ìwòsàn fún iṣẹ́ abẹ ojú. Ó nu pẹpẹ náà. Ó rí i pé àwo olórin kan ṣoṣo wà ní ibi márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń to ìwé fún àwọn ẹlòmíràn. Ó rò pé èyí ni òun lè fi mú inú wọn dùn. Ó fi ọjọ́ méjì to gbogbo rẹ̀ ní A, B, D, ó gé páálí kéékèèké sí àárín wọn, kò tilẹ̀ jẹun dáadáa. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé ó ní bí wọ́n ṣe tò ó. Àwa náà rò pé ó mọ̀ ni.

Bàbá dé ní Sátidé tòun ti aṣọ funfun lójú kan. Wọ́n lọ tààrà síbi pẹpẹ, wọ́n fa àwo àkọ́kọ́ ní òsì yọ, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n dá a padà. Wọ́n fa èkejì. Wọ́n wá yíjú, wọ́n ní, “Ilé ta nìyí?”

Àkọ́bí ní, “Bàbá, mo tò wọ́n fún yín ni. Ẹ ó lè máa tètè rí wọn.” Èkejì, tó mú Bàbá wálé láti ilé ìwòsàn, ti ń kígbe, ṣùgbọ́n ẹ̀pà kò bóró mọ́. Bàbá kò bínú. Wọ́n ní, “O ṣeun. O ti ṣiṣẹ́ púpọ̀.” Ì bá sàn kí wọ́n gbá a létí.

Àkọ́bí kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà, ó kó wálé. Sátidé kọ̀ọ̀kan fún ọdún mẹ́ta ni ó ń gbé àwo lé Bàbá lórí itan, tó ń lù ú, tó ń wo ojú wọn. A gbìyànjú ọdún tí wọ́n tẹ̀ sára àpò. Kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí Bàbá a máa ra ògbólógbòó àti tuntun pọ̀. A rí ti ìgbéyàwó, a rí ti èkejì àti ti àbíkẹ́yìn. Mọ́kànlélógójì ni a rí tò padà, ti àkọ́bí kò sì sí nínú rẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Nígbà kan, Bàbá sunkún sí orin kan, àkọ́bí náà bú sẹ́kún, ó rò pé òun ti rí i. Bàbá sunkún sí èyí tó tẹ̀lé e pẹ̀lú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, wọ́n pe èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń tọ́ka sí àkọ́bí tó ń po oògùn wọn. Wọ́n ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi wá obìnrin yìí. Ó mọ ènìyàn tọ́jú. Èmi náà ní ọmọbìnrin kan. Ó ń bọ̀ ní Sátidé, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ gbé fún un.” Àkọ́bí gbọ́. Ó gbé oògùn náà wá, ó sì dúró títí wọ́n fi gbé e mì.

Bàbá dákẹ́ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún ọdún 2022, ní ẹni ọgọ́rin ọdún.

Àwọn tí wọ́n gbẹ̀yìn wọn ni àkọ́bí, tó kọ ìtàn yìí. Èkejì, káfíńtà, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Àbíkẹ́yìn, olùkọ́, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọmọ-ọmọ méje, àti àwọn ìbátan. Ẹ̀yin tí ẹ bá wa kẹ́dùn, bí ẹnì kan bá wà nínú yín tó bá Bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwo ní ọdún 1969, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí àkọ́bí, kí ó jọ̀wọ́ rí wa lẹ́yìn ìsìnkú. A ti béèrè títí. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti kú, àwọn atolẹ́tà ẹgbẹ́ wọn ti kú tán. A kàn ń béèrè ni.

Sùn re o, Bàbá. Bí ẹ bá fojú kan Ìyá wa, ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ àwo mọ́. Obìnrin tó ń po oògùn yẹn ni kí ẹ bi wọ́n pé ta ni.