Ẹ̀rọ Tó Pe Bàbá Ní “Ó”

Jàfárù, àbúrò mi,

Ṣé ara Màmá àti ìyàwó rẹ le? Ara bàbá àwọn ọmọ ti ń yá, aṣọ sì ń tà díẹ̀díẹ̀ ní Maourey, àdúgbò wa ní Niamey níbí.

A ka ìròyìn tí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn yín kọ: “Sanúsì kú lánàá. Ó ta aṣọ ní Niamey kó tó padà sílé.” Mo ní irọ́ ni. Ọmọ Yorùbá wo ló máa ní ẹ̀gbọ́n bàbá wa “kú”, tó tún máa pè wọ́n ní “ó”? Mo dá àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn padà. Ìgbà tí o pè la tó mọ̀ pé wọ́n ti jáde láyé lóòótọ́.

Ọlọ́run á dá Màmá sí. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìwọ fúnra rẹ ni kó o pè mí. O ní ẹ ti kọ́ ẹ̀rọ náà ní “wọ́n”. Kí ni màá wá fi mọ irọ́ mọ́?

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Zaynab