Ọwọ́ Gbígbọ̀n Tí Ìjọ Pè Ní Ẹ̀mí

Bàbá mi, Àjàní ọkọ ìyá mi,

Owó ti dé o! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí ẹ ò fẹ́ràn kí èèyàn máa fa ọ̀rọ̀ gùn. Wọ́n ti fún wa lówó tí a ó fi wá oògùn àìsàn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, àìsàn tó gbà yín lọ́wọ́ wa.

Yàrá ìwádìí ní yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Èmi àti ọ̀gá mi ń se gbòǹgbò àti èèpo igi, à ń wá èyí tó lè mú ara balẹ̀. Ó pẹ́ tí a ti ń tọrọ owó náà. Ibà ń pa ọmọdé. Ta ni yóò náwó sórí ọwọ́ arúgbó? Ìgbìmọ̀ tó ń pín owó kò tilẹ̀ gbà pé àìsàn náà wà ní Abidjan, torí kò sí aláìsàn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ọsíbítù.

Ni mo bá ròyìn yín fún wọn. Mo sọ bí ọwọ́ yín ṣe ń gbọ̀n nínú ìsìn, tí gbogbo ìjọ gbà pé Ẹ̀mí ló gùn yín, tí akọ̀wé ìjọ mú pẹ́ńsùlù jókòó tì yín, ó ń retí ìran. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sùn nígbà ìwàásù! Ẹ kàn ń dá orin fún un, kó má baà lọ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí a fi mọ̀ pé àìsàn ni, ṣíbí kò lè dé ẹnu yín mọ́. Ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó yé wọn pé irú yín ṣì pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí dókítà kò rí wọn rí.

Ṣé ó dùn yín pé mo sọ ọ́? Àbí ẹ̀yin ti mọ̀ pé kì í ṣe Ẹ̀mí, tí ẹ ò kàn fẹ́ kí àyà wa já?

Oògùn náà lè pẹ́ kó tó jáde. Ó lè má jáde rárá. Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Lánàá, bí mo ṣe gbọ́ ìròyìn náà, n kò tilẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo bọ́ sílẹ̀ ní Attécoubé, mo ń sáré gun òkè lọ sí ilé yín, ẹ̀rín kún ẹnu mi. Mo ti kan ilẹ̀kùn kí n tó rántí. Obìnrin tó ń gbé ibẹ̀ báyìí ló ṣí i. Mo ní kó fún mi lómi mu.

Èmi, àbígbẹ̀yìn yín tó ṣì ń wá yín wálé.