Sláìdì Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ Ṣeun

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì 2025
Iṣẹ́ dé. Bàbá kan pè mí láàárọ̀, wọ́n ní àwọn ni Alhaji Sàníù, àwọn ń ṣe epo pupa ní Ẹ̀rúnmu. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bisikíìtì fẹ́ ra epo, wọ́n sì ti pe àwọn elépo sí gbọ̀ngàn kan ní Olódò, kí kálukú wá fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn lára ògiri. “Èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe o. Wọ́n ní ìwọ lo mọ̀ ọ́n.” Mo bi wọ́n pé ta ló júwe mi. Ẹnì kan nínú ilé àwọn ni, wọ́n ní. Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bóyá oníbàárà àtijọ́ kan.

Ẹ̀rúnmu. Nínú gbogbo ìlú tó wà. Ibẹ̀ ni Olóhùn Iyọ̀ wà. Hasanat ni wọ́n sọ ọ́, èmi nìkan ni mo ń pè é bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá mi yìí ní Ajíbọ̀dé la ti jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí. Èmi á to àwòrán, òun á fi ohùn sí i. Àìsàn ìyá rẹ̀ ló gbé e lọ sílé lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ tó ń lọ, ó ní: “Safwan, má tíì wá bá bàbá mi o. Wọn ò fẹ́ gbọ́ nípa ẹni tí kì í gba owó oṣù. Èmi ni màá pè ọ́.” Mo ṣì ń retí ìpè náà.

Ọjọ́rú, 5
Alhaji fẹ́ kó gbogbo ìtàn ayé wọn sórí sláìdì kan. Mo ní kò ṣeé ṣe: ọ̀rọ̀ díẹ̀, àwòrán ńlá, ohun kan ṣoṣo lójú kan. Ẹni tó bá ń ka ògiri kò ní gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àyè òfìfo ti pọ̀ jù. Mo ní, “Alhaji, ṣé ẹ máa ń gbin ọ̀pẹ kí imọ̀ wọn máa gbá ara wọn?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo jàre.

Jímọ̀, 7
Ìkíni Jímọ̀ Olóhùn Iyọ̀ wọlé lórí Wásáàpù. Òdòdó kan, àdúrà kan. Mo kà á, mo tún kà á, bí ẹni pé nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 8
Alhaji fi àwọn fótò ibi tí wọ́n ti ń se epo ránṣẹ́. Nínú ọ̀kan, lẹ́yìn èéfín, obìnrin kan kọ̀yìn sí wa, ó so ìborùn búlúù, ó fọwọ́ òsì gbá ìbàdí mú bí ẹni tó ń bá epo wí.

Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ó tó. Òun ni.

Àṣé Alhaji Sàníù ni Bàbá Elépo, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó máa ń fi ṣe àwàdà fún mi! Ṣé òun ló wá fún wọn ní nọ́ńbà mi — rárá o. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí yóò pè mí.

Alhaji ní kí n yọ obìnrin yẹn kúrò, kí àwọn èèyàn lè rí epo. Mo yọ ọ́. Àmọ́ mi ò lè jù ú nù. Mo gbé òun nìkan sórí sláìdì kan, lẹ́yìn èyí tí mo kọ Ẹ Ṣeun sí, kí n lè máa wò ó bí mo bá ń ṣiṣẹ́. Ta ló tún ń wo ohun tó wà lẹ́yìn Ẹ Ṣeun?

Ọjọ́ Ajé, 10
Fídíò epo tó ń hó kan wà nínú iṣẹ́ náà, ohùn rẹ̀ ló kù. Mo ka ọ̀rọ̀ náà sórí fídíò fúnra mi, ó dà bí ẹni tó ń túfọ̀. Ká ní ó wà ńbí ni, á ní, “Safwan, tú ojú ká, epo là ń tà.” Àárò rẹ̀ sọ mí gan-an lónìí. Mi ò lè ṣe iṣẹ́ yìí láìsí i, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe láìsí i.

Mo yọ ohùn mi kúrò. Mo fi ariwo epo tó ń hó sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13
A fi iṣẹ́ náà dánra wò. Alhaji ò mọ bọ́tìnnì tẹ̀. Wọ́n á fò méjì, wọ́n á padà sẹ́yìn, wọ́n á máa bú kọ̀ǹpútà. Mo bá ṣe é kó máa ṣí fúnra rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe gùn tó. Inú wọn dùn. Inú èmi náà dùn, ọgbọ́n ńlá ni.

Àìkú, 16
Fótò yẹn. Màá yọ ọ́ lọ́la.

Ìṣẹ́gun, 18
Mi ò yọ ọ́.

Olódò. Gbọ̀ngàn kún. Baálẹ̀ wà níwájú, Lèmọ́mù wà níbẹ̀, àwọn oníbisikíìtì gbé ìwé sórí itan. Wọ́n fún Alhaji ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo tẹ kọ̀ǹpútà, mo sì lọ jókòó lápá kejì bí ọ̀gá.

Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í kí èèyàn.

Èmi ọmọ Akínyẹlé, mo gbàgbé ìkíni! Àgbàlagbà wo ló ń dé àwùjọ tó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ epo lójú ẹsẹ̀? Wọ́n kí Baálẹ̀, wọ́n kí olorì. Wọ́n kí Lèmọ́mù kú ìmúra ààwẹ̀. Wọ́n kí àlejò kú ọ̀nà, wọ́n kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìsìnkú. Wọ́n kọ̀yìn sí ògiri. Lára ògiri, ọ̀pẹ kọjá, iná kọjá, epo hó, ó dénú ìgò. Ẹ Ṣeun yọ. Wọ́n ṣì ń kí Ìyálọ́jà. Kọ̀ǹpútà wà lápá ọ̀hún, ta ló máa gba iwájú Baálẹ̀ sáré kọjá?

Ẹ̀yìn Hasanat bá gba gbogbo ògiri.

Ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn ṣí, tí òun fúnra rẹ̀ gbé ìgò epo wọlé, pẹ̀lú ìborùn búlúù yẹn lórí. Àwọn èèyàn wo ògiri, wọ́n wò ó. Alhaji yíjú padà. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n wá wò mí. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì.

“Ọmọ àbúrò mi nìyẹn,” wọ́n ní. “Òun ló ń se epo náà.”

Ọ̀kan nínú àwọn oníbisikíìtì ní kí ẹni tó ń se é kúkú wá sọ ọ́. Mo da sláìdì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo ń fọwọ́ ṣí i. Hasanat ń sọ̀rọ̀. Kò ní kí n ṣí i rárá, mo ṣáà mọ ibi tí yóò ti mí. Bíi ti Ajíbọ̀dé.

Àwọn oníbisikíìtì ní àwọn ń bọ̀ wá wo ibi tí wọ́n ti ń se é. Níta, Alhaji ní iṣẹ́ mi dára, àmọ́ sláìdì ìgbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe àwọn ló yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún, àbúrò àwọn, bàbá Hasanat, ni. Wọ́n ní kí n mú àgbà dání.

Mo bá Hasanat nídìí ọkọ̀. Mo ní ọdún kan, o ò pè mí. Kò wojú mi. Ó ń to ìgò.

“Ta lo rò pé ó fún Bàbá Elépo ní nọ́ńbà rẹ?”

Ọjọ́rú, 19
Mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Mọníyà, mo ní kí wọ́n ṣètò ara wọn, à ń lọ sí Ẹ̀rúnmu ní Àìkú. Wọ́n bi mí pé ta ló pè wá. Mo ní ó ti pè mí láti ọjọ́ kẹta oṣù yìí. Èmi ni mi ò mọ̀ pé òun ló ń pè.