Ìgbafẹ́ Kérésì Tí Mo Pète fún Ìyá Mi

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù níbí, lórí ilẹ̀ tó tutù wọ eegun. Ẹ kú iṣẹ́ epo, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Akin, ẹ̀gbọ́n mi, àti ìyàwó wọn. Ẹ kí àwọn tí ẹ jọ ń fún epo ní Ìlútítun, ẹ kí gbogbo ìjọ. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tí wọ́n di olórí ẹbí lẹ́yìn ikú bàbá, ẹ ní kí wọ́n dúró ná. Mò ń bọ̀ lórí tiwọn.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń gbọ́ ohùn mi. Ẹ ò mọ̀wé, kì í ṣe ẹ̀bi yín, epo lẹ fún títí tí èmi fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́jọ tí mo ti wà níbí, Bàbá Kékeré ló ń ka gbogbo lẹ́tà mi fún yín, àwọn náà ló ń bá yín kọ èsì. Bọ̀ọ̀dá Akin náà mọ̀wé, àmọ́ wọn ò jẹ́ kà fún yín ohun tí olórí ẹbí ò bá kọ́kọ́ rí. Ohun tí mi ò bá fẹ́ kí Bàbá Kékeré gbọ́, ẹ̀yin náà ò lè gbọ́ ọ. Ìyẹn ló sọ wá di bá a ṣe dà yìí. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ olóòtú pé kó bá mi tẹ ìwé yìí síta. Ẹni tó bá rí i, ì báà jẹ́ tíṣà ní Òkìtìpupa, ì báà jẹ́ ẹni tó ń nájà lọ sí Àjàgbà, kó ṣàánú mi, kó lọ kà á sí ìyá mi létí. Kó má fo ìlà kankan.

Iṣẹ́ mi ṣì ni ti tẹ́lẹ̀. Aṣọ ilé ìwòsàn ni mò ń fọ̀ tí mo sì ń lọ̀. Ooru inú ilé ìfọṣọ náà tó ooru ibi tí ẹ ti ń se ẹyìn, bí mo bá sì jáde, òtútù á gbá mi létí. Oòrùn ibí kàn ń yọjú wo ènìyàn ni, kì í mú ara gbóná. Ènìyàn á gbé ilé kan náà fún ọdún mẹ́ta, ẹni tó wà ní yàrá kejì ò ní bi í pé ṣé ó jí. Nígbà míì, bí mo bá ń lọ aṣọ, mo máa ń bá yín sọ̀rọ̀ sókè bí wèrè. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo jẹ púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilé wa, gbẹ̀yìn, ìyẹn náà, ọmọ Ìlàjẹ kan ló fún mi bù jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ní àsìkò òjò ọdún tó kọjá, lẹ́tà yín kan dé. Tayọ̀tayọ̀ ni Bàbá Kékeré fi kọ ọ́. Wọ́n ní Ẹ̀mí ti ń bẹ̀ yín wò. Wọ́n ní bí wọ́n bá tan àbẹ́là nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ ń rí òṣùmàrè tó yí i ká, àti pé aríran ìjọ ti sọ pé ògo Ọlọ́run ni. Wọ́n ní wọ́n ti gbé yín lọ jókòó ní iwájú, wọ́n sì ti ra àmùrè tuntun fún yín. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n tó wá kọ ọ́, bí ẹni ń ṣẹ̀fẹ̀, pé ẹ ti ń fi èjìká gbún òpó ilẹ̀kùn, pé ẹ fẹsẹ̀ da garawa epo méjì nù láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Dókítà ojú kan wà tí mò ń bá lọ aṣọ funfun rẹ̀, bàbá arúgbó kan tó máa ń kí mi. Mo ro ọ̀rọ̀ òṣùmàrè náà fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá ohun tó wà níwájú yín lẹ máa ń rí, tí ẹ kì í rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àrùn kan ni ó ń rò, tó máa ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Ó ní èyí tó bá ti jẹ, kò sí ẹni tó lè gbà á padà, àmọ́ bí òun bá tètè rí yín, òun á gbìyànjú kí èyí tó kù má bàa lọ. Ó mú bírò, ó kọ ọjọ́ kan sílẹ̀ fún yín, lẹ́yìn Kérésì.

Ìyá mi, ẹ mọ ìjọ wa. Oògùn kì í wọlé wa. Omi àdúrà náà la bu fún bàbá mi títí wọ́n fi gbé wọn lọ sí sàréè. Bí mo bá kọ ọ́ pé dókítà fẹ́ wo ojú yín, Bàbá Kékeré tí wọ́n jẹ́ alàgbà ìjọ ni yóò kọ́kọ́ kà á. Yálà kí wọ́n pa á mọ́, tàbí kí wọ́n kà á nínú ìjọ kí wọ́n sì fi yín sínú ààwẹ̀. Ni mo bá gbọ́n. Ọgbọ́n àgbọ́njù ni mo gbọ́n.

Mo kọ̀wé pé kẹ́ ẹ wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ mi, kẹ́ ẹ wá gbafẹ́, kẹ́ ẹ wo ìlú òyìnbó. Mo ya ìwé kan sọ́tọ̀, mo kọ gbogbo ibi tí a máa lọ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ọjọ́. Ọjọ́ kìn-ín-ní, iná aláràbarà tí wọ́n ń so kọ́ ìgboro nítorí ọdún. Ọjọ́ kejì, ààfin ọbabìnrin àti àwọn ṣọ́jà onífìlà gogoro, tí eṣinṣin á bà lé wọn nímú tí wọn ò ní lé e. Ọjọ́ kẹta, afárá tó ń là sí méjì kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá. Ọjọ́ kẹrin, ọgbà àwọn ẹranko. Ọjọ́ karùn-ún, ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ lè mọ ibẹ̀. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni pé nǹkan kan ò sí ńbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ mẹ́rin ìyókù, ìtorí ọjọ́ karùn-ún yẹn ni mo ṣe tò wọ́n. Mo fi owó ọkọ̀ òfurufú ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré pé kí wọ́n bá yín ṣe ètò ìrìnnà yín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, Bọ̀ọ̀dá Akin ló padà kọ ọ́ sí mi. Bàbá Kékeré pe ẹbí jọ, wọ́n ní ìgbafẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ẹran tí a sì ń pín nílé wa, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Wọ́n ní ta ló ti rí i rí pé ìyàwó ilé fẹsẹ̀ kan ìlú òyìnbó ṣáájú olórí ẹbí? Wọ́n ní ọdún mìíràn á kàn yín. Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wá bi ẹ̀yin náà, ẹ ní kí wọ́n máa lọ, pé ìlú òyìnbó ò ní sá lọ. Ẹ kì í bá ẹnikẹ́ni du nǹkan, ìyá mi. Bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ojú yín ni wọ́n pín lọ́jọ́ yẹn, bóyá ẹ̀ bá jà.

Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o. Mo gbé kóòtù tí mo rà fún yín lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Dúpẹ́ ọmọ mi, tí ẹ ò tíì rí rí, wọ bàtà pupa tí mo rà nítorí yín. Èrò ń jáde, Bàbá Kékeré náà jáde, agbádá ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ẹ̀rín kún ẹnu wọn. Ẹ̀yìn wọn ni mo ṣì ń wò. Mo rò pé ẹ ń rọra bọ̀ ni. Wọ́n ní kí ni mo ń wò, kí n gbé kóòtù yẹn wá, òtútù ń mú àwọn. Kóòtù obìnrin ni, ó há wọn ní apá, wọ́n wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ òtítọ́ fún wọn. Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ kí òyìnbó fi ọ̀bẹ gé ògo Ọlọ́run kúrò lójú yín ni. Mo sunkún, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n sì ní kí n bu oúnjẹ wá.

Wọ́n gbafẹ́ dáadáa. Ìwé tí mo kọ fún yín wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi ìka tọ́ ọ lọ́jọ́ọjọ́, wọn ò fo ọ̀kankan. Wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú ṣọ́jà, wọ́n ya pẹ̀lú erin. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, mo ní kí a má wulẹ̀ lọ mọ́. Wọ́n ní ó wà nínú ìwé, àwọn ò ní wá láti ọ̀nà jíjìn kí n wá fi ọjọ́ kan rẹ́ àwọn jẹ. A lọ. Dókítà ti ń dúró. Àga tó gbé kalẹ̀ fún yín ni Bàbá Kékeré lọ jókòó sí. Nítorí tèmi ni bàbá òyìnbó yẹn ṣe wò wọ́n. Ó ní ojú wọn le koko, dígí ìkàwé nìkan ni wọ́n nílò, ó sì ní kí wọ́n ṣe é fún wọn. Mo rò pé wọ́n á kọ̀ ọ́ nítorí ìgbàgbọ́. Wọ́n ní dígí kì í ṣe oògùn.

Mo padà sẹ́nu aṣọ fífọ̀, kí n lè tún wá owó ọkọ̀ mìíràn. Mi ò tíì dé ìdajì nígbà tí lẹ́tà Bọ̀ọ̀dá Akin dé ní àsìkò òjò tó kọjá yìí, pé ẹ ti ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà, pé ọmọ aládùúgbò ló ń mú yín lọ sí odò. Bàbá Kékeré náà kọ tiwọn. Wọ́n ní Ọlọ́run ló fa ìbòjú bo ti ayé kẹ́ ẹ lè rí ti ọ̀run dáadáa. Mo mú lẹ́tà náà lọ bá dókítà, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní kí n pẹ̀lẹ́. Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Bọ̀ọ̀dá Akin ní àwọn fọ́tò wà lára ògiri yàrá Bàbá Kékeré, pé èrò máa ń wá wò wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀yin náà lọ lọ́jọ́ kan, ẹ bi Bàbá Kékeré pé ta ni Dúpẹ́ jọ. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní ó wọ bàtà pupa. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi bá ọmọ yẹn gbé inú yàrá kan.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ká ní mo kọ ọ̀rọ̀ ojú sínú lẹ́tà yẹn, ilé ì bá dàrú, ìjọ ì bá bú mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ì bá mọ ohun tí ẹ ń fi tọrẹ. Èmi ni mo pe ojú yín ní ìgbafẹ́. Ẹ dárí jì mí, ìyá mi.

Ní Kérésì tó ń bọ̀ yìí, èmi ni mò ń bọ̀ wálé. Owó ọkọ̀ tí mò ń tọ́jú fún yín ni màá fi wá. Mi ò kọ ètò kankan sínú ìwé, mi ò sì ní ya fọ́tò. Dúpẹ́ á jókòó lórí ẹsẹ̀ yín, ẹ ó fi ọwọ́ yín wo imú rẹ̀. Imú yín gan-an ni.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kí Bàbá Kékeré náà, orúnkún mi wà nílẹ̀. Bó bá ṣe pé àwọn ló ń ka ìwé yìí fún yín, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bọ́ dígí náà lójú níbí yìí, kí wọ́n gbìyànjú láti ka ìyókù láìsí i.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí dè mí, ìyá mi. Ọwọ́ mi ni yóò mú yín jáde lọ gba oòrùn ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojísọ́lá.