Fóònù Aago Méje

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹsàn-án

Lẹ́tà ìjọba dé. Ọdún méjìdínlógún tí a ti ń gbé ìlú onílùú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí wa. Kí èmi àti Baálé wá lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, aago mẹ́wàá àárọ̀, kí wọ́n bi wá ní ìbéèrè, kí wọ́n wò ó bóyá a yẹ lẹ́ni tí à ń pè ní ọmọ ìlú. Baálé fi ìka tẹ̀lé ìlà títí ó fi dé ìsàlẹ̀: kí oníkálukú mú ìwé ẹ̀rí ìwà wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "O rí i? Ọwọ́ ọ̀gá yín ni gbogbo ẹ̀ wà." Mo ní mo gbọ́.

Ọ̀gá mi, Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́. À ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀ ká tó rí i. N kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé yìí. Bí ìyàwó ilé tí kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, èmi náà ti sọ gbogbo wọn ní tèmi.

Òní náà ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn àgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, aago mẹ́jọ là ń gbé wọn sùn. Ó ti di márùn-ún. Wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù. Ní márùn-ún ààbọ̀ gbogbo èèyàn ti lọ, ó ku èmi nìkan pẹ̀lú àgbà mẹ́rìnlá títí di mẹ́jọ. Gbígbé èèyàn kan dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, iṣẹ́ ẹni méjì ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti sùn, wọ́n sùn nìyẹn.

Oòrùn ń ràn yòò. Tíṣà — ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, máàpù ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ — wo fèrèsé, ó wò mí. Ó ní, "Ta ni ara rẹ̀ ò yá, èmi tàbí oòrùn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fa kọ́tìnnì. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀rín náà korò lẹ́nu mi.

Ìṣẹ́gun, 5

Aago méje, fóònù kọ́rídọ̀ dún. Ó dún, ó dún, ó dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 7

Ọmọ Tíṣà ló ń pè. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, òkè òkun ló ń gbé, aago méje wa ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń dilẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó ti ń pè bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Tíṣà á ti jókòó ti fóònù láti aago mẹ́fà ààbọ̀, á ti ya irun. Wọ́n ra fóònù alágbèéká fún un rí, ó ní òun ò lè bá nǹkan tó tó bísíkíìtì sọ̀rọ̀. Ti ara ògiri yẹn nìkan ni etí rẹ̀ ń gbọ́, kò sì ṣe é gbé lọ síbi bẹ́ẹ̀dì.

Ní báyìí ó ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Èmi náà ò gbọdọ̀ gbé e. Òfin ni: Ọ̀gá nìkan ló ń bá mọ̀lẹ́bí sọ̀rọ̀, láàárọ̀.

Mo wọlé lọ bá a. Ó ń ka iye ìgbà tó dún, mo rí ẹnu rẹ̀.

Ẹtì, 8

Mo lọ bá Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́. Mo kí i dáadáa, mo bèèrè àwọn ọmọ. Mo wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́: aago márùn-ún ti yá jù, ẹ wo ti Tíṣà, ẹ wo ti fóònù.

Kò bínú o. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní ṣé irú ilé báyìí wà nílùú wa? Mo ní kò fi bẹ́ẹ̀ sí, ọ̀dọ̀ ọmọ ni àwọn àgbà wa ń gbé. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ẹ ò ní in, ẹ wá ń kọ́ wa bá a ṣe máa ṣe tiwa." Ó tún ní kò sẹ́ni tó so mí mọ́bí, ọ̀nà ò dí. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó bèèrè pé ìgbà wo ni mo ní mo ń fẹ́ ìwé ẹ̀rí ìwà yẹn ná.

Mo ní kó tó di ogúnjọ́. Ó ní kò burú.

Ó yé mi. Ọmọdé á gbọ́ ọ yé. Mo dúpẹ́, mo jáde, mo lọ pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà. Ilé ni mo dé kí èsì tó wá sí mi lẹ́nu, èsì tó dáa, tó ní orí àti ìrù! Ta ni mo fẹ́ fún?

Àìkú, 10

Àwọn èèyàn wa wá kí wa. Ẹ gbà mí, bí a bá pé sí pálọ̀, a tú ìlú yìí palẹ̀. Dókítà wọn ò lójú àánú. Bọ́ọ̀sì wọn ò dé lásìkò. Owó orí wọn ń gé èèyàn lọ́wọ́. A ti ń jẹ ẹ́ lẹ́nu fún wákàtí méjì nígbà tí ìyá onílé, ọmọ ìlú gidi, yọjú pé ṣé a ń gbádùn ìlú àwọn. Gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà: "Ó dára púpọ̀!" Ọmọ Onílẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ̀ ṣubú lórí àga.

Ọmọ wa ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ibí la bí i sí, ó ti níwèé kí àwa tó mọ ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń tọrọ rẹ̀. Ni mo ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo sọ ti ibi iṣẹ́. Baálé ní, "A kì í dákẹ́ ṣìwí. Jẹ́ kí ìwé bọ́ sí wa lọ́wọ́ ná. Lẹ́yìn ìyẹn, bó o bá fẹ́, gun orí tábìlì wọn." Mo ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ọmọ Onílẹ̀ wá gbé òwe jáde, ahọ́n rẹ̀ ń lọ́ ọ díẹ̀díẹ̀: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Baálé ní ará ilé ni wọ́n wí níbẹ̀. Ó ní àwa kọ́ ni ará ilé.

Ó ní, "Èmi ńkọ́, Bàbá mi?"

Baálé dìde, ó lọ wo ìkòkò tí kò sí lórí iná.

Ìṣẹ́gun, 12

Ó yẹ kí n kọ èyí. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa nígbà tí mo wà lọ́mọge, bàtà ló ń tún ṣe, ará ìlú mìíràn. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ ju ọjọ́ orí mi lọ. Gbogbo ọjọ́ ló ń pariwo pé kí a kó ìdọ̀tí kúrò ní gọ́tà, pé omi máa wọlé. Lọ́jọ́ kan ó bu ìdọ̀tí gọ́tà náà sójú ọ̀nà kí gbogbo èèyàn lè rí i. Èmi ni mo dá a lóhùn, èmi tí mo gbé bàtà wá fún un. Mo ní bí ibí bá ń rùn sí i, kó máa lọ sí ìlú wọn, bóyá òórùn dídùn ń bẹ níbẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn! Ó tún bàtà mi ṣe, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Òjò ọdún yẹn, omi dé orúnkún nínú yàrá ìyá mi. Òun ló gbé ìyá mi jáde.

N ò tọrọ àforíjì. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, pẹ̀lú ewú lórí.

Ọjọ́bọ̀, 14

Mo dá ọgbọ́n kan. Mo bẹ Ẹlẹ́rìn-ín pé kó bá mi sọ ọ́ nípàdé. Òṣìṣẹ́ bíi tèmi ni, ọmọ ìlú ni, baba ńlá rẹ̀ pàápàá ọmọ ìlú ni. Ó ní ṣé ìyẹn nìkan ni? Ó dìde nípàdé, ó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ mi gan-an, kò yọ kan kúrò. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Àbá tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn." Àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún tó ń bọ̀.

Lọ́dún tó ń bọ̀! Ọ̀rọ̀ kan náà o. Lẹ́nu mi, àfojúdi. Lẹ́nu rẹ̀, àbá. Ẹlẹ́rìn-ín ṣẹ́jú sí mi, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ó ti parí. N ò lè bínú sí i, èèyàn dáadáa ni.

Ẹtì, 15

Aago méje. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Mo dúró tì í, ọwọ́ mi wà nínú àpò.

Àbámẹ́ta, 16

Mo gbé e.

Ó yà á lẹ́nu. Ó rọra bèèrè bóyá bàbá òun ti sùn, nítorí wọ́n ń sọ fún òun láàárọ̀ pé ara rẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́, pé fúnra rẹ̀ ló ń tètè sùn báyìí. Irọ́ ò ṣòro láti pa rárá: bẹ́ẹ̀ ni, ó ti sùn, ó dáa. Ìwé mi á jáde, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, ilé á tòrò. Ó wà lẹ́nu mi.

Mo ní kò sùn. Mo ní ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dún, ojoojúmọ́. Mo ní aago márùn-ún là ń gbé gbogbo wọn sùn, àwọn mẹ́rìnlá. Ó ní ta ni mí. Mo ní, "Èmi ni mo ń gbé wọn sùn."

Ó ní àlejò ni òun náà níbi tí òun wà. Ó ní nǹkan pọ̀ tí òun ń rí níbi iṣẹ́ tí òun kì í sọ, torí wọ́n á ní kí òun máa lọ sílé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ohùn rẹ̀ jọ ti bàbá rẹ̀.

Mo jíṣẹ́ fún Tíṣà. Ó dì mí lọ́wọ́ mú títí ilẹ̀ fi ṣú, mo jẹ́ kó dì í mú.

N ò tíì sọ fún Baálé.

Ọjọ́ Ajé, 18

Ọmọ Tíṣà ti bá Ọ̀gá jà lórí fóònù láàárọ̀. Ó ní òun á kọ̀wé sí ìjọba. Ọ̀gá pè mí. Ó bèèrè ta ló gbé fóònù. Mo ní èmi ni. Ó ní, "Ẹ ṣeun." Irú ẹ ṣeun yẹn!

Ṣùgbọ́n ó ní Tíṣà á máa jókòó títí di méje ààbọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín á dúró bá mi gbé e. Tíṣà nìkan. Mo ti fẹ́ jáde, mo yí padà. Mo ní, "Àwọn mẹ́tàlá yòókù ńkọ́, Mà?" Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló dún.

Lálẹ́, Tíṣà ya irun. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló fi sọ̀rọ̀, gbogbo ilé gbọ́. Mo sunkún nínú yàrá ìfọṣọ, mo fọ ojú, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo sọ fún Baálé. Ó ní, "Háà."

Ọjọ́rú, 20

Ìwé ẹ̀rí ìwà ti wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa. Baálé gbé e sójú oòrùn ní fèrèsé, ó gbé e síwá, ó gbé e sẹ́yìn. Kò rí nǹkan kan kà. Ó ní ìwé náà fúyẹ́ jù, bíi pé ìwà tó pọ̀ á wúwo!

Ẹtì, 22

Baálé ò bá mi jà. Ó ń kí mi ṣáá ni.

Ìṣẹ́gun, 26

A ti lọ, a ti bọ̀. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Èèyàn bí ọgbọ̀n nínú kọ́rídọ̀, àga mẹ́rin. Aboyún kan fara ti ògiri, ó ní láti aago mẹ́jọ ni òun ti dúró. Wọ́n pè wá. Akọ̀wé kékeré kan, onígíláàsì, ojú rẹ̀ ò le. Ó ka ti Baálé, kò sí wàhálà. Ó ya tèmi, ó kà á sókè: òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ni, kì í pẹ́ dé, kì í purọ́. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó máa ń ṣàròyé nípa bí a ṣe ń ṣe nǹkan, àfi bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ni.

Baálé tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

Akọ̀wé gbé ojú sókè. Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni?"

"Ó dára púpọ̀" ti dé ẹnu mi, ọdún méjìdínlógún ló ti ń gbé níbẹ̀. Mo rántí bàbá oníbàtà. Mo ní, "Òótọ́ ni, Sà. Gbogbo ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ó dáa, ọ́fíìsì àwọn yìí ńkọ́? N ò mọ̀ bóyá eré ló ń ṣe. Mo ní, "Aboyún kan ń bẹ níta, láti aago mẹ́jọ ló ti wà lórí ìdúró." Baálé di ojú.

Akọ̀wé wo ilẹ̀kùn. Ó kọ nǹkan, ó gùn. Ó wá dìde, ó gbé àga tó jókòó lé, ó gbé e jáde. Ìdúró ló fi bi wá ní ìbéèrè tó kù. Ó ní kí a máa retí lẹ́tà láàárín ogójì ọjọ́. N ò mọ ohun tó kọ. Ọkàn mi balẹ̀ bó ti wù kó rí.

A rìn dé ibùdó bọ́ọ̀sì, Baálé ń rìn níwájú. Mo ti ń ṣètò ẹ̀bẹ̀ nínú mi. Ló bá dúró, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí." Ó ní ẹ̀rọ omi tó wà ní ilé ìyàgbẹ́ ọ́fíìsì wọn ń dà ṣàà, kò sẹ́ni tó ń tì í, omi ti dé kọ́rídọ̀, àgbàlagbà lè yọ̀ ṣubú níbẹ̀. Ó ní kí ló dé tí n ò fi ìyẹn kún un.

Mo ní ẹnu tirẹ̀ náà ò dí, kó padà lọ sọ ọ́ fún wọn. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín ni.

Ó padà.